Ọdún 2023: Àwọn Fíìmù Tí Mo Fi Etí Wò

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Olólùfẹ́ fíìmù wo ni yóò bá òwe yẹn jà? Ojú là ń gbé lọ sí ilé sinimá, ojú náà la sì ń sanwó fún. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn fíìmù tó wọ̀ mí lára jù nínú èyí tó jáde lọ́dún 2023, mo rí i pé wọ́n fẹ́ bá òwe náà jiyàn. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ibi tó gbá mi mú kì í ṣe ibi tí wọ́n ti fi nǹkan hàn mí. Ibi tí wọ́n ti fi nǹkan pamọ́ fún ojú mi ni, tí wọ́n wá gbé ẹrù rẹ̀ lé etí mi lórí.

Ariwo tiẹ̀ pọ̀ lọ́dún náà, kì í ṣe nínú fíìmù nìkan. Àwọn òǹkọ̀wé fíìmù ní Amẹ́ríkà daṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ó sì di ìparí oṣù Kẹsàn-án kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn òṣèré náà dara pọ̀ mọ́ wọn ní oṣù Keje, tiwọn kò parí àfi ní oṣù Kọkànlá. Owó ló dá ìjà sílẹ̀, àti ìbẹ̀rù pé ẹ̀rọ fẹ́ máa kọ̀wé, kó sì máa ya ojú èèyàn láìsí èèyàn níbẹ̀. Àwọn òṣèré Oppenheimer, fíìmù nípa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó darí iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì Amẹ́ríkà, wà níbi àfihàn àkọ́kọ́ fíìmù wọn ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dójú ẹ̀, ni wọ́n bá dìde, wọ́n bá tiwọn lọ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, fíìmù ọ̀hún àti Barbie jọ jáde lọ́jọ́ kan náà, gbogbo ayé sì ń pariwo orúkọ méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n. Barbie ló pa owó jù lọ́dún náà, ó lé ní bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 400 dọ́là. Mo rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ dáadáa, Greta Gerwig tó darí rẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ náà tán lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ ká gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Èyí tí n kò rí gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni The Zone of Interest, iṣẹ́ Jonathan Glazer. Ìtàn Rudolf Höss ni, ọ̀gá Auschwitz, àgọ́ ìpànìyàn tí ìjọba Násì Jámánì dá sílẹ̀ ní Poland nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, pẹ̀lú Hedwig ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn. Ilé wọn rẹwà. Ó ní ọgbà òdòdó, ó ní ibi tí àwọn ọmọ ti ń wẹ̀, ó ní ewébẹ̀ tí ìyá ilé ń yangàn pé òun ló gbìn ín. Ògiri kan péré ló wà láàárín ọgbà yìí àti àgọ́ tí wọ́n ti ń pa àwọn Júù. Glazer kò jẹ́ ká fojú kan ìpànìyàn tó ń lọ lẹ́yìn ògiri náà. Ìró rẹ̀ nìkan ló ń fò wá bá wa: ìbọn lọ́ọ̀ọ́kán, ajá tó ń gbó, ọkọ̀ ojú irin tó ń wọlé, ẹnì kan tó kígbe tí igbe náà sì gé lójijì. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ìró iná ìléru kan ń kùn tọ̀sán tòru, kò sinmi.

Àwòrán kọ́ ni wọ́n tiẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ojú sinimá ṣókùnkùn biribiri, orin Mica Levi sì ń rì wálẹ̀, ó ń rì wálẹ̀, títí èèyàn á fi máa wò ó pé ṣé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ojú sinimá sì ṣí sórí ìdílé kan tó ń gbafẹ́ létí odò. Ó ti kọ́ wa bí a ó ṣe wo ìyókù.

Johnnie Burn tó ṣètò ìró fíìmù náà ti kó ìwé tó tó ojú ewé 600 jọ kí wọ́n tó ya ohunkóhun: ohun tí àwọn tó yè bọ́ sọ pé àwọn gbọ́, irú ìbọn tí wọ́n ń lò, bí ibi kan ṣe jìnnà sí ibòmíràn tó. Ẹ̀yìn tí wọ́n ya àwòrán tán ló wá to ìró àgọ́ lé e lórí. Nínú ilé, Glazer fi kámẹ́rà pamọ́ síbí, ó fi pamọ́ sọ́hùn-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí mẹ́wàá fi lè máa ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ sì bọ́ síta pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn òṣèré fi ń rìn káàkiri bí onílé. Hedwig wọ kóòtù onírun kan tí wọ́n gbà lára ẹni tí a ò mọ̀, ó dúró níwájú dígí, ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó rí tìróò ètè níbẹ̀, ó sì fi kun ètè ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni tìróò yẹn wà níbì kan lẹ́yìn ògiri, tàbí kó má sí mọ́.

Ohun tí n kò tíì rí kí fíìmù mìíràn ṣe ni èyí: bó ṣe ń lọ, etí olùwòran á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìró ìléru náà tì. Á mọ́ ọn lára. Á máa gbọ́ ọ̀rọ̀ òdòdó, ọ̀rọ̀ ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rọ̀ pé Hedwig kò ní kó kúrò nínú ilé yìí láé. Ìyá Hedwig ló dá wa padà. Ó wá kí ọmọ rẹ̀, ó yin ọgbà, ó yin ilé. Ní òru, ó jí, ó rí pupa iná lójú fèrèsé, èéfín mú un lọ́fun. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti lọ láìdágbére, lẹ́tà ló fi sílẹ̀. Hedwig ka lẹ́tà náà, ó sì sọ ọ́ síná. Wọn kò ka ohun tó wà nínú rẹ̀ sí wa létí. Nínú fíìmù tí a ti ń gbọ́ ohun gbogbo, ìyẹn nìkan ni wọ́n fi dù wá.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Burn àti Tarn Willers gba Oscar fún ìró, bẹ́ẹ̀ ni Oppenheimer pẹ̀lú gbogbo bọ́ǹbù rẹ̀ wà nínú ìdíje náà. Inú mi dùn dé ibi pé mo pàtẹ́wọ́ fún àwọn èèyàn tí wọn kò lè gbọ́ mi.

Hedwig kan náà, ìyẹn Sandra Hüller, òṣèré ọmọ Jámánì, ló tún wà nínú fíìmù kejì tó gbé mi lọ́kàn. Níbi àjọ̀dún fíìmù Cannes ní ilẹ̀ Faransé, lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, The Zone of Interest gba Grand Prix, Anatomy of a Fall sì gba Palme d'Or tó jẹ́ olórí àmì-ẹ̀yẹ. Justine Triet tó darí rẹ̀ ni obìnrin kẹta tó gba á, lẹ́yìn Jane Campion lọ́dún 1993 àti Julia Ducournau lọ́dún 2021. Ọkùnrin kan já bọ́ láti òkè ilé wọn tó wà lórí òkè yìnyín ní ilẹ̀ Faransé, ó kú. Ṣé ó ṣèèṣì ni? Ṣé ó pa ara rẹ̀ ni? Àbí ìyàwó rẹ̀ ló tì í? Ọmọ wọn ọkùnrin ló bá òkú náà pàdé, ọmọ ọ̀hún sì rèé, ojú rẹ̀ kò ríran tán.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹlẹ́rìí pàtàkì tó wà nínú ẹjọ́ yìí, etí ló ní. Ọmọ náà ní òun gbọ́ tí àwọn òbí òun ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ kí òun tó bọ́ síta, orin baba rẹ̀ sì ń dún gidigidi nínú ilé nígbà náà. Àwọn ọlọ́pàá lọ síbẹ̀, wọ́n tan orin náà, wọ́n ní kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ nínú ilé, kí ọmọ náà dúró síbi tó ní òun dúró sí. Wọ́n dán an wò, wọ́n tún un dán wò. Ọ̀rọ̀ náà kò bára mu, àfi ìgbà tó yí ibi tó dúró sí padà. Orin yẹn fúnra rẹ̀ lè mú èèyàn ya wèrè: orin P.I.M.P. ti 50 Cent ni, tí wọ́n fi ìlù onírin lù láìsí ọ̀rọ̀, tí ọkọ tàn sókè tí kò jẹ́ kí ìyàwó lè bá àlejò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ọ níbi ìnáwó, ilé ẹjọ́ ni mo máa ń rí.

Ibi tí fíìmù náà ti borí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ibi ohùn tí ọkọ gbà sílẹ̀ láìjẹ́ kí ìyàwó mọ̀. Wọ́n ń ja ìjà kan lọ́jọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ó sì ti tan ẹ̀rọ. Wọ́n gbé e sétí gbogbo ilé ẹjọ́. Triet kọ́kọ́ fi ìjà náà hàn wá, tọkọtaya nínú ilé ìdáná, ọ̀rọ̀ ń gbóná, ó ń gbóná sí i. Bí ọwọ́ ṣe fẹ́ bọ̀ ọ́, àwòrán gé. Ilé ẹjọ́ la tún bá ara wa, ìró la sì ń gbọ́: nǹkan fọ́, ẹnì kan gbá ẹnì kan, ẹnì kan ń mí hẹlẹ. Ta ló gbá ta? Agbẹjọ́rò sọ tirẹ̀, obìnrin náà sọ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Triet jẹ́ ká gbọ́ ẹjọ́ tọ̀tún tòsì, kò sì sí ibi tí ìdájọ́ wa tẹ̀ sí tí ilẹ̀ kò yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Mo ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èrò mi nípa obìnrin yẹn ń yí padà nígbà gbogbo, ó sì máa ń bí mi nínú pé ó ń yí padà.

Oppenheimer wá ńkọ́? Ojú ni gbogbo èèyàn sọ pé ó wà fún. Fíìmù IMAX oní-65mm, téèpù fífẹ̀ tí wọ́n fi ń ya àwòrán fún ojú sinimá ràgàjì, ni Christopher Nolan tó darí rẹ̀ fi yà á, ilé iṣẹ́ Kodak sì ní láti ṣe fíìmù dúdú-òun-funfun tuntun ní ìwọ̀n yẹn fún un, torí kò sí irú rẹ̀ rí. Téèpù rẹ̀ tí wọ́n ń gbé káàkiri àwọn ilé IMAX gùn tó máìlì 11. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá kúrò níbẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́. Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1945, nínú aṣálẹ̀ New Mexico, bọ́ǹbù náà bú. Iná gba ojú sinimá, gbogbo ìró sì kú fin-ín. Èémí ọkùnrin kan ló kù. A jókòó, iná ń gòkè, ó ń ṣí bí ìwé, kò sí ohun tó dún. Lẹ́yìn tí a ti gbàgbé pé nǹkan kan ń bọ̀, ni ariwo náà bá dé.

Kì í ṣe ọgbọ́n sinimá lásán. Ìmọ́lẹ̀ kì í dúró de ìró. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ibi tí Oppenheimer sápamọ́ sí lọ́jọ́ náà sì tó kìlómítà 9 sí bọ́ǹbù. Ìyẹn ni pé ó rí ohun tó ṣe, ó sì dúró bí ìdajì ìṣẹ́jú kó tó gbọ́ ọ. Nolan fa àkókò yẹn gùn, ó jẹ́ ká gbé nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń kilẹ̀ gbì gbì gbì náà tún wà níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìró yẹn ti ń yọjú láìsí pé a mọ ibi tó ti wá, àfi ìgbà tí wọ́n kóra jọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá láti yọ̀ pé bọ́ǹbù ti balẹ̀ ní Hiroshima. Àwọn èèyàn ń fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ fún ìdùnnú. Nígbà tí Oppenheimer ń bá wọn sọ̀rọ̀, ìró wọn pòórá, igbe kan ṣoṣo sì là á kọjá. Bí mo ṣe ń yìn ín tó yìí, orin ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ jù nínú fíìmù yẹn, wákàtí tó gbẹ̀yìn tó dá lórí ìgbìmọ̀ àti ìbéèrè sì ń fà bí ìpàdé ọ́fíìsì. Ó gba Oscar méje. Èmi ìbá fún un ní márùn-ún.

Ti Killers of the Flower Moon gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí mẹ́ta àti ìṣẹ́jú 26, ṣùgbọ́n Martin Scorsese ti dàgbà kọjá ẹni tí a lè ní kó ṣe kíá. Epo rọ̀bì ló sọ àwọn Osage, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ní Oklahoma, di olówó, owó náà ló sì mú kí àwọn aláwọ̀ funfun máa fẹ́ ọmọ wọn, kí wọ́n sì máa pa wọ́n ní àwọn ọdún 1920. Lily Gladstone ṣe Mollie, Leonardo DiCaprio ṣe Ernest ọkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ra wọn, òjò ńlá dé, Ernest fẹ́ ti fèrèsé, ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mollie ní kó jókòó, kó dákẹ́ fún ìjì. Ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ti ń dákẹ́. Gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárín wọn fún ọdún púpọ̀ ti wà nínú ìjókòó yẹn.

Níparí, dípò kí Scorsese kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sójú sinimá bí wọ́n ti máa ń ṣe, ó gbé wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré rédíò níwájú àwọn èrò. A rí àwọn tó ń fi oríṣiríṣi nǹkan ṣe ìró, ìtàn ikú àwọn Osage ti di eré ìdárayá fún àwọn olówó. Ẹni tó wá jáde níkẹyìn láti ka bí wọ́n ṣe kéde ikú Mollie nínú ìwé ìròyìn ni Scorsese fúnra rẹ̀. Ó sọ fún wa pé ìkéde náà kò mẹ́nu ba àwọn ìpànìyàn yẹn. Robbie Robertson tó ṣe orin fíìmù náà, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà, kú ní oṣù Kẹjọ, fíìmù náà sì jáde ní oṣù Kẹwàá. Ìlù rẹ̀ ń lù nísàlẹ̀ ìtàn náà bí ọkàn ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Méjì tó kéré wà tí mo fẹ́ràn ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ. Past Lives ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ Celine Song. Èèyàn mẹ́ta jókòó nílé ọtí, obìnrin kan, Nora ọmọ Kòríà, láàárín ọkùnrin méjì, a sì ń gbọ́ ohùn àwọn tí a kò rí, tí wọ́n ń méfò: ta ni ọkọ, ta ni ẹ̀gbọ́n, ta ni àlejò? Olófòófó ni wọ́n kọ́kọ́ sọ wá dà. Lẹ́yìn náà, ọkọ Nora sọ fún un pé èdè Kòríà ló máa ń sọ lójú oorun, àti pé ibì kan wà nínú rẹ̀ tí òun kò lè dé. Ọkùnrin tó dára ni ọkọ yẹn, ìyẹn ló jẹ́ kó dunni. Nígbà tí Nora sin ẹni tó fẹ́ràn ní kékeré dé ibi tí mọ́tò yóò ti gbé e, wọ́n dúró, wọ́n wo ara wọn, kò sẹ́ni tó sọ gbólóhùn kan.

Wim Wenders ló ṣe Perfect Days, ọmọ Jámánì tí fíìmù rẹ̀ ṣojú Japan níbi ìdíje Oscar. Koji Yakusho gba àmì-ẹ̀yẹ òṣèrékùnrin tó dára jù ní Cannes fún iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboogbò ní Tokyo. Lójoojúmọ́, ìró ìgbálẹ̀ ẹnì kan tó ń gbá òpópónà ló ń jí i, kì í ṣe aago. Ó ká ibùsùn, ó bomi rin igi kéékèèké rẹ̀, ó wọ ọkọ̀, ó ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. Kásẹ́ẹ̀tì! Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó fẹ́ràn orin inú rẹ̀, nígbà tó sì wá dá a padà, ó bẹ̀bẹ̀ kí òun gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kò yẹ kí n ṣe bí ẹni pé ojú kò jẹ nǹkan kan lọ́dún náà. Mami Wata ti C.J. Obasi, dúdú òun funfun látòkè délẹ̀, gba àmì-ẹ̀yẹ pàtàkì níbi àjọ̀dún fíìmù Sundance ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ kámẹ́rà Lílis Soares, ó sì tọ́ sí i: ara èèyàn dúdú kì í sábà rí ìmọ́lẹ̀ tó mọyì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìtàn rẹ̀ kò lágbára tó àwòrán rẹ̀, mi ò bìkítà. The Boy and the Heron ti Hayao Miyazaki náà wà níbẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní Japan láìṣe àfihàn ránpẹ́ kankan, ìwé àlẹ̀mógiri kan péré. Godzilla Minus One sì fi òṣìṣẹ́ 35 péré ṣe àwọn àwòrán tó gba Oscar lọ́wọ́ àwọn olówó.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ wò wọ́n nísinsìnyí tí gbogbo wọn ti kúrò nílé sinimá, Past Lives lè gba fóònù, Anatomy of a Fall náà lè gbà á, bí ilé bá ti dákẹ́. The Zone of Interest kò gbà á, àfi pẹ̀lú hẹ́dífóònù tó dáa, nítorí ẹ̀rọ ohùn kékeré inú fóònù kì í gbé ìró ìléru yẹn jáde rárá, ìdílé tó ń gbin òdòdó nìkan lèèyàn máa rí. Ti Oppenheimer, mo rò pé ká dúró de ọjọ́ tí ilé sinimá kan bá tún gbé e jáde.